Wọ́n fún ọmọ mi ní Building dípò Architecture: ká gbà á ni, àbí ká dá a padà?

ÌyáÌbejì_Kubwa
Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn, ọjọ́ sì ń lọ.

Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 17, ṣe JAMB lọ́dún yìí, ó sì mú Architecture ní ABU Zaria. Láti kékeré ló ti ń ya ilé sí ẹ̀yìn ìwé. Lánàá tí a wo CAPS, ojú-òpó JAMB tí wọ́n ti ń wo ìgbàwọlé, a rí i pé wọ́n ti gbà á wọlé, àmọ́ Building ni wọ́n fún un. Inú mi dùn, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Bàbá rẹ̀ yarí pátápátá. Ó ní, "Ṣé kí n máa san owó yunifásítì kí ọmọ mi lè di bíríkìlà? Àwọn tó ń to búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀ ilé wa yìí, yunifásítì wo ni wọ́n lọ?"

Aṣọ ni mò ń tà ní Wuse, mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ilé kíkọ́. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Ṣé obìnrin lè ṣe é? Ṣé ó ń ríṣẹ́ ṣe? Àbí kó dá a padà, kó tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹni tó bá kà á kó jọ̀wọ́ bá mi dá sí i.

ỌmọBíríkìlà
Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Bíríkìlà ni bàbá mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá ṣiṣẹ́ ní Kaduna, owó búlọ́ọ̀kù tó ń tò ló sì fi rán mi lọ sí Kaduna Poly. Ìwé ND Building Technology tí mo gbà níbẹ̀ ni mo fi gba Direct Entry wọ yunifásítì. Mo mọ iṣẹ́ méjèèjì, mi ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú bíríkìlà.

Bàbá mi lè to ògiri kó gún régé bí ẹni fi rúlà fà á. Àmọ́ tí ẹ bá bi í pé ilé alájà mẹ́ta yìí, àpò sìmẹ́ńtì mélòó ni a ó lò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ènìyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá ń da dẹ́kìnì, ìgbà wo ni ká tó tú pákó abẹ́ rẹ̀, kí la ó ṣe bí òjò bá ká wa mọ́ inú ìpìlẹ̀, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ka Building nìyẹn. Ayàwòrán ilé ló ń ya bí yóò ṣe rí. Ẹnjiníà ló ń ṣírò irin àti òpó tí yóò gbé e dúró. QS (quantity surveyor) ló ń ṣírò owó. Builder ló ń kó ìwé gbogbo wọn jọ, tó ń sọ ọ́ di ilé tí ènìyàn lè sùn sí.

Tèmi ni pé kó gbà á.

QS_Jabi
Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́

Mummy, ó dára bẹ́ ẹ ṣe kọ́kọ́ béèrè. Èmi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Quantity Surveying ni mo kà, ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe é ní Abuja. Bó bá jẹ́ àbúrò mi lọmọ yín, mà á ní kó wá ọ̀nà bọ́ sí QS. Abẹ́ òrùlé kan náà ni QS àti Architecture wà ní ABU, nínú Faculty of Environmental Design, kò sì ní jìn sí ohun tó fẹ́.

Àwa ni wọ́n máa ń kó àwòrán ilé fún. A ó wọn ohun gbogbo inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí ilẹ̀ tí wọn yóò gbẹ́ dórí páànù òrùlé, a ó sì tò ó sínú ìwé tí à ń pè ní BOQ (bill of quantities) bí BESMM, ìwé ìlànà bí a ṣe ń wọn iṣẹ́, ṣe là á sílẹ̀. Ìwé yẹn ni àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń díye lé iṣẹ́, òun náà la fi ń mọ iye tó yẹ ká san fún wọn bí iṣẹ́ bá ti ń lọ. Báńkì ń lò wá, ìjọba ń lò wá. Mo máa ń lọ sí sáìtì, àmọ́ mi ò kí ń gbé ibẹ̀.

Builder ńkọ́? Kò tiẹ̀ sí òfin kankan tó dá wọn mọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti ní ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ló ń pe ara rẹ̀ ní builder.

AlàgbàSamaru
Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Ọmọ mi QS, má bínú, gbólóhùn tó o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wà. Decree 45 ti ọdún 1989 ló dá CORBON sílẹ̀, àwọn ló ń forúkọ builder sílẹ̀, bí Decree 31 ti 1986 ṣe wà fún ẹ̀yin QS. Ọdún mẹ́ta péré lẹ fi ṣáájú wọn.

Nígbà tí National Building Code, ìwé ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè, jáde ní 2006, ó sọ ọ́ ní kedere pé builder tó ti forúkọ sílẹ̀ ni kó máa darí kíkọ́ ilé lórí ilẹ̀. Ìwé mẹ́rin wà tó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe: ètò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀nà tí wọn yóò gbà kọ́ ọ, bí wọn yóò ṣe máa yẹ ojúlówó iṣẹ́ àti ohun èlò wò, àti bí wọn yóò ṣe dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé mẹ́rin yìí, bí kò bá sí wọn, ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ilé yẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ tún mọ èyí: ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò sọ ènìyàn di builder lójú òfin. Lẹ́yìn tó bá sìnrú ìlú tán, yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, yóò wọ NIOB, ẹgbẹ́ àwọn builder, yóò ṣe ìdánwò wọn, kó tó wá forúkọ sílẹ̀ ní CORBON. Ọ̀nà náà jìn díẹ̀. Ti Architecture tó fẹ́ kò sì yá jù ú lọ, nítorí oyè àkọ́kọ́ nìkan kì í tó fún wọn, Másítà ni wọ́n ń lé.

Ẹnjiníà_Lugbe
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ inú ìwé ni òótọ́ náà pọ̀ sí. Code yẹn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dòfin tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì tíì ṣe é. Láti Lugbe dé Kuje dé Karu, gbogbo sáìtì tí mo ti ṣiṣẹ́, "COREN rẹ dà?", ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹnjiníà, ni wọ́n ń bi mí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè CORBON lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Onílé á ní òun ti ní ẹnjiníà, òun ti ní bíríkìlà, kí ló tún kù?

Màmá, ọmọ ọdún 17 ṣì ní àkókò. Bí fisíìsì àti ìṣirò rẹ̀ bá dáa, ẹ jẹ́ kó dá a padà, kó tún JAMB ṣe, kó mú Civil Engineering. Mo mọ̀ pé ọdún kan á dun yín. Èmi náà jókòó sílé fún ọdún kan kí n tó wọlé, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

ỌmọBíríkìlà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, nítorí pé wọn ò béèrè ni ilé fi ń wó. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ alájà wó ní Jos lákòókò tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Ènìyàn 22 ló kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní àdúgbò tí kò jìn síbẹ̀, ó wà lára àwọn tó fi ọwọ́ lásán wú òkúta. Ẹ má sọ fún mi pé ẹnjiníà àti bíríkìlà tó.

Ẹnjiníà_Lugbe
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:58 àárọ̀

Àbúrò, Ọlọ́run ó tẹ́ àwọn ọmọ náà sí afẹ́fẹ́ rere. N kò sọ pé builder ò wúlò. Ohun tí mo sọ ni pé ọjà ò tíì mọ̀ pé wọ́n wúlò, ọmọ tí Màmá ń béèrè fún sì gbọ́dọ̀ jẹun nínú ọjà yẹn. Mi ò kúrò lórí ẹsẹ̀ mi.

ObìnrinSáìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Gbogbo yín lẹ ti sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè Màmá pé ṣé obìnrin lè ṣe é. Èmi ṣe é. Building ni mo kà, ní yunifásítì kan níhìn-ín ní àríwá, obìnrin mẹ́fà la wà ní kíláàsì wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún àkọ́kọ́, ìṣirò, fisíìsì, kẹ́mísìrì, àti yíya nǹkan lọ́wọ́. Ọmọ yín tó fẹ́ràn àwòrán á gbádùn ìyẹn. Láti ọdún kejì ló ti ń le: bí a ṣe ń kọ́ ìpìlẹ̀, ògiri àti òrùlé, ìwà sìmẹ́ńtì àti irin, ilẹ̀ àti ohun tó lè gbé, wíwọn ilẹ̀. A máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta káàkiri nínú oòrùn, ọkùnrin kì í gbé e fún wa. Lẹ́yìn ìyẹn, iná, omi àti ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé, òfin àdéhùn iṣẹ́, ìṣirò owó, ìtọ́jú ilé tó ti gbó, àti bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ àti ènìyàn. Ìkẹyìn yìí ló pọ̀ jù, nítorí òun gan-an ni iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni SIWES, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ níta ilé ìwé, oṣù mẹ́fà. Sáìtì kan ní Gwarinpa ni mo lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì mi níbẹ̀, inú oṣù kìn-ín-ní, wọ́n ń da dẹ́kìnì àjà kìn-ín-ní. A bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, atẹ́gùn ọyẹ́ ti dé, kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ ti ń funfun lójú kí wọ́n tó rí i tẹ́ dáadáa. Fóòmáànù pariwo sí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré pé "ruwa! ruwa!", kí wọ́n bu omi kún un kó lè rọ̀. Wọ́n ti bu kétélù méjì sí i kí builder tó ń darí wa tó sáré dé ibẹ̀. Ó dá iṣẹ́ dúró. Ó gbé kóónù tí wọ́n fi ń wọn bí kọnkéré ṣe rọ̀ sílẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó kún un nínú ìpo tí wọ́n fi omi bà jẹ́ yẹn, ó fa kóónù náà sókè. Kọnkéré náà tẹ́ sílẹ̀ bí ọbẹ̀. Ó ní kí wọ́n dà á nù. Fóòmáànù bínú, ó ní òun ti ń da dẹ́kìnì kí wọ́n tó bí i. Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn lébìrà ti gbé díẹ̀ lára rẹ̀ dórí pákó.

Ó wá ṣàlàyé fún mi nírọ̀lẹ́: omi inú kọnkéré ọ̀tọ̀, omi orí kọnkéré ọ̀tọ̀. Èyí tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n lọ, torí gbogbo omi tó bá pọ̀ jù, bó bá gbẹ, ihò ló ń fi sílẹ̀. Èyí tó wà lórí rẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ tán fún ọjọ́ méje ó kéré tán, pàápàá nínú ọyẹ́. Lọ́jọ́ kejì, apá ibi tí wọn ò bò lálẹ́ ti sán wẹ́wẹ́ bí àtẹ́lẹsẹ̀ tí ọyẹ́ là. Èmi ni wọ́n wá yan iṣẹ́ bíbomirin fún. Mo ra àpò jútù lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkà, mo tẹ́ ẹ sórí gbogbo rẹ̀, mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, ń ti kẹ̀kẹ́ jáálì rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo sì ń kà á kó má baà dín jáálì kan kù. Ọjọ́ méje gbáko.

Kúúbù, ìyẹn kọnkéré kékeré onígun tí wọ́n fi ń dán agbára rẹ̀ wò, tí a mú lọ́jọ́ náà, a fọ́ wọn ní yàrá ìdánwò lọ́jọ́ 28. Agbára 25 N/mm² là ń wá. Àwọn tó dáa kọjá 25. Èyí tí a mú nínú ìpo olómi yẹn fọ́ ní 17. Mo mú ìwé náà lọ fún fóòmáànù, ó wò ó títí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Ìyá Kúúbù, kò sì sí ẹni tó tún bu omi sí kọnkéré láìbi mí.

Mi ò ní bò ó mọ́ yín lẹ́nu, Màmá: kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ní sáìtì yẹn. Ilé epo tó wà lódì kejì ni mo ń sáré lọ. Àwọn kan á máa pè mí ní "màdáàmù" bí ẹni ń fi ṣẹ̀fẹ̀, títí wọ́n á fi rí i pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Kí ọmọ yín tètè kọ́ Hausa sáìtì: ruwa (omi), yashi (iyanrìn), bulo, siminti. Ẹni tó bá ń bá lébìrà sọ èdè rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á yá.

QS_Jabi
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Alàgbà, ẹ ṣé fún àtúnṣe yẹn, mo gbà pé mo ṣì í sọ, mo sì ti lọ ka òfin náà. Àmọ́ mi ò tíì fi QS sílẹ̀ o, Mummy. Kó gba ohun tí wọ́n fún un, kó wọlé, kó wá lọ béèrè ní ẹ̀ka náà bóyá àyè wà láti pààrọ̀. Nígbà míì ó ń ṣeé ṣe lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ bí èsì bá dáa. Kó má kàn fi í ṣe ìdánilójú.

AráBosso
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Building ni mo kà ní FUT Minna, ọdún márùn-ún. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Ẹ má tíì ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ọdún àkọ́kọ́, T-square, rúlà onísíkéèlì, pẹ́ńsù tó dáa àti bébà àwòrán ló máa lò jù. Bó bá di ọdún kejì sí ìkẹta tí AutoCAD àti Revit tí wọ́n fi ń ya ilé lórí kọ̀ǹpútà dé, ẹ wá ra èyí tí RAM rẹ̀ tó 16GB. 8 náà ń gbé e, àmọ́ á máa fà. Èyí tó jẹ́ 4, ẹ má náwó lé e. Kó tún kọ́ Microsoft Project, èyí tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́, fúnra rẹ̀, kó má dúró de olùkọ́. Òun ló gbà mí sí iṣẹ́ mi àkọ́kọ́.

Owó ilé ìwé: kó wo NELFUND. Ẹ̀yáwó ìjọba ni, kò lélé, wọ́n ń san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé. Lẹ́yìn ọdún méjì tó bá ti sìnrú ìlú tán ni ètò sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ inú JAMB, NIN àti BVN rẹ̀ bá ara wọn mu láti ìsinsìnyí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń há sí.

Tó bá dé Zaria, kó tètè wá yàrá sí Kongo, torí ó ń kún.

AlàgbàSamaru
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:35 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, kì í ṣe Kongo. Kongo ni àwọn tó ń ka òfin àti ìṣàkóso wà. Samaru ni Environmental Design wà. Bó bá lọ gba yàrá sí Kongo, á máa wọ ọkọ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Kó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún họ́sítẹ́ẹ̀lì inú ilé ìwé ná.

AráBosso
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun bàbá. Minna ni mo mọ̀, a ní Bosso àti Gidan Kwano, mo kàn rò pé bákan náà ni.

ÌyáÌbejì_Kubwa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sókè fún wọn nílé. Ọmọ mi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Ìyá Kúúbù, ó ní kí n tún apá kọnkéré yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì. C6 ló ní nínú fisíìsì, B3 nínú ìṣirò. Ṣé á lè gbé e? Ọ̀nà Zaria náà ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá wọn ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ fúnra òun. Fóònù mi ló ń lò.

Ẹ kú alẹ́. Èmi ni bàbá ọmọ náà. Kì í ṣe pé mo kórìíra bíríkìlà. Ní 2019 mo bẹ̀rẹ̀ ilé kan ní ọ̀nà Mararaba. Ẹni tí mo gbé iṣẹ́ fún pe ara rẹ̀ ní builder. Sìmẹ́ńtì ń tán kí iṣẹ́ tó yá, bí mo bá béèrè, á ní èmi ò mọ̀ nípa iṣẹ́. Ìgbà tí a kan òrùlé tán ni ògiri yàrá kan là láti igun fèrèsé lọ sílẹ̀. Mo ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń là padà. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi kọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ yẹn pe ọmọ mi.

ObìnrinSáìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fún mi: ṣé bí àtẹ̀gùn ni ìlà náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀, tó ń tọ àárín búlọ́ọ̀kù sí búlọ́ọ̀kù? Àbí ó là á kọjá tààrà? Ibo ló fẹ̀ jù, òkè tàbí ìsàlẹ̀?

ÌyáÌbejì_Kubwa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́

Bí àtẹ̀gùn ni. Òkè ló fẹ̀ jù, ìka ọwọ́ ọmọdé wọ ibẹ̀. Igun ilé tó wà lápá ọ̀nà omi ni.

ObìnrinSáìtì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:12 alẹ́

Ó jọ pé ìpìlẹ̀ igun yẹn ló ń rì, Bàbá, nítorí náà kò sí bẹ́ ẹ ṣe lẹ̀ ẹ́ tí kò ní là. Ẹ má tíì náwó sí pílásítà mọ́. Ẹ po sìmẹ́ńtì díẹ̀, ẹ fi ṣe àmì tẹ́ẹ́rẹ́ kan kó dábùú ìlà náà ní òkè, òmíràn ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ déètì sí i. Bí àmì náà bá là láàárín oṣù díẹ̀, ilé ṣì ń rìn. Bí kò bá là, ó ti dúró. Ẹ darí omi tó ń dà sí igun yẹn síbòmíì kí òjò tó dé. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnjiníà gbẹ́ ẹ wò kó rí bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó. Mi ò lè fi fóònù sọ ju ìyẹn lọ.

Ẹnjiníà_Lugbe
Ọjọ́ Ọjọ́rú, 6:05 àárọ̀

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn ló tọ́, Bàbá. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kó dà sí ọ̀nà omi ni wọ́n gbé igun yẹn lé. Mò ń kọjá ní Mararaba ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ẹ bá fẹ́ mo lè yà wò ó, mi ò ní gba owó. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níbí.

ỌmọBíríkìlà
Ọjọ́ Ọjọ́rú, 7:22 àárọ̀

Màmá, ẹ ò tíì rí èsì ìbéèrè yín gbà. C6 fisíìsì kì í ṣe òpin ayé. D7 ni mo kọ́kọ́ ní kí n tó tún un ṣe. Ìṣirò ló ṣe pàtàkì jù, B3 rẹ̀ á gbé e. Kó máa ṣe iṣẹ́ structures, ìyẹn ìṣirò ohun tó ń gbé ilé dúró, lójoojúmọ́, kó má kó o jọ di alẹ́ ìdánwò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣubú.

Ní ti ọ̀nà, èmi máa ń wọ reluwé láti Kubwa lọ sí Rigasa bí ó bá ń ṣiṣẹ́, kí n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Zaria. Kó máa fi òwúrọ̀ rìn, kó má fi ìrọ̀lẹ́ kúrò ní Kaduna láé. Kó má sì máa wálé ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀.

Ní ti iṣẹ́: ní kíláàsì wa, àwọn kan wà lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ńlá, àwọn kan wà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ilé ìjọba, ẹnì kan ń ta ohun èlò ní Dei-Dei, ó sì ń kọ́lé fún àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjì ṣì ń wá iṣẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn.

ÌyáÌbejì_Kubwa
Ọjọ́ Bọ̀, 7:45 alẹ́

Ẹ̀yin ará wa, bàbá wọn kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ lánàá ó lọ sí Mararaba pẹ̀lú ọmọ náà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe àmì méjèèjì, ọmọ náà ló kọ déètì sí i. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kó lọ tẹ "accept" lórí CAPS. A ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá yín tọ́ tiyín. Ẹnjiníà, à ń retí yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Ó kù ìbéèrè kan: ó ń béèrè pé ṣé kó ti ra bàtà sáìtì báyìí?

ObìnrinSáìtì
Ọjọ́ Bọ̀, 8:02 alẹ́

Ẹ kú oríire, Màmá! Kó má rà á ní ọjà tí kò bá gbìyànjú rẹ̀ wò. Ti ọkùnrin ló pọ̀ lọ́jà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà fi nọ́ńbà méjì tóbi jù mí lọ, mo ń ki fóòmù sí iwájú rẹ̀, ó bó gìgísẹ̀ mi fún odindi oṣù kan. Nọ́ńbà mélòó ló ń wọ̀?

ÌyáÌbejì_Kubwa
Ọjọ́ Bọ̀, 8:06 alẹ́

38.

ObìnrinSáìtì
Ọjọ́ Bọ̀, 8:09 alẹ́

38 ni tèmi náà. Mo ní méjì, ọ̀kan ṣì lágbára dáadáa, irin iwájú rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Ẹ má rà á. Mà á gbé e wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Wuse.